Igi Tí Wọ́n Ní Kí N Gbìn Sójúlé Wa Àtijọ́

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yan igi fún àwọn tó ń kọ́ ẹ́síteètì. Bí wọ́n bá ti la títì tán, tí wọ́n ṣe gọ́tà, tí wọ́n gbé òpó iná nàró, wọn á pè mí wá wo ilẹ̀ náà. Èmi ni mo máa sọ igi tó yẹ létí títì, èyí tó yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àti èyí tí a lè gbìn mọ́ra wọn kí eruku àti ariwo ìta má baà ráyè wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ ẹwà lásán ni. Àmọ́ igi tí èèyàn gbìn síbi tí kò yẹ, ó lè pẹ́ kó tó ṣe ibi, kì í sì í kéde kó tó ṣe é.

Ìyá mi kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé igi ni mò ń gbìn. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Sùúrùlérè bá bi í pé kí ni ọmọ rẹ̀ tó ń gbé Yábàá ń ṣe jẹun, á ní, "Iṣẹ́ òdòdó ló ń ṣe." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ títí, mi ò sì tún un ṣe rí. Nínú ilé wa, a kì í ṣàdédé dárúkọ igi.

Igi ló pa bàbá mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Mùṣín là ń gbé, kò jìnnà sí ojú irin, nínú ilé gbọọrọ kan tí àwọn yàrá kọjú síra wọn lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi ń tún fíríìjì ṣe, ìyá mi ń ránṣọ. Yàrá kan tí a ní kò gba máṣíìnì mọ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí náà abẹ́ igi panṣẹ́kẹ́ tó wà níwájú ilé ni ìyá mi sọ di ṣọ́ọ̀bù. Igi ńlá ni. Ó na apá bo iwájú ilé wa àti ti aládùúgbò. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń sún mọ́lé, gbogbo orí rẹ̀ á pọ́n bí ẹni tó ru iná, òdòdó rẹ̀ á máa já bọ́ sórí aṣọ tí ìyá mi ń rán lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà máa ń délé rí òdòdó pupa nínú àpò ṣòkòtò tuntun wọn. Ìdí máṣíìnì ni mo máa ń jókòó sí, tí màá máa wo ẹsẹ̀ ìyá mi bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

Ọ̀sán ni. Òjò ṣú lójijì, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá páànù kiri àdúgbò. Ìyá mi kó aṣọ wọlé, ó fà mí lọ́wọ́ wọ yàrá. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ ìró kan. Kì í ṣe ààrá, nítorí òkè ni ààrá ti ń wá. Inú ilẹ̀ ni èyí ti wá, bíi pé ẹnì kan ń rọra fa aṣọ tó nípọn ya, kó tó wá fi gbogbo agbára fà á ya tán. Nígbà tó dákẹ́, ilé wa mọ́lẹ̀. Ìyẹn ni mo rántí ju ohunkóhun lọ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, iwájú ilé wa kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìmọ́lẹ̀ funfun kan gba ẹnu ọ̀nà wọlé títí dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú mi sì dùn, nítorí mo rí bọ́ọ̀lù mi tó ti sọnù níbẹ̀. Lóde, àwọn èèyàn ti ń pariwo.

Wọn ò jẹ́ kí n rí bàbá mi. Ohun tí mo rí nìkan ni omi òjò tó ń ṣàn nínú gọ́tà, tí òdòdó panṣẹ́kẹ́ bo ojú rẹ̀ débi pé èèyàn ò rí omi.

Àwọn ará ilé ní kì í ṣe ojú lásán. Wọ́n ní ta ló rí i tí igi dúró láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, tí kò wó lu ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó ń gbìyànjú? Wọ́n ní ayé ló tì í. Ìyá mi kò bá wọn jiyàn. A sin bàbá mi sí Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́, a sì kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Sùúrùlérè. A ò padà sí Mùṣín mọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú náà ni ará ìlú wa kan wá kí ìyá mi. Níṣojú mi ló ti sọ pé ẹnì kan rí bàbá mi ní Ìlọrin, níbi tó ti ń tún fíríìjì ṣe, pé nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ṣe ló yíjú, tó wọ inú ọjà lọ. Gbogbo àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ mọ ohun tó ń sọ: àkúdàáyà, ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé tó fi kú, tó wá lọ ń lo èyí tó kù níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ìyá mi dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní kí ọkùnrin náà máa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti wọ̀ mí létí. Bàbá mi ní àpá kan lẹ́yìn ọrùn, níbi tí iná tí wọ́n fi ń jó irin ti ta sí i. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń wo ẹ̀yìn ọrùn àwọn ọkùnrin: ní Ojúẹlẹ́gba, ní Costain, nínú ọkọ̀, nínú ìlà báǹkì. Mo ti di àgbà kí n tó ṣíwọ́, bí mo bá tilẹ̀ ti ṣíwọ́.

Bí mo ṣe wá di ẹni tó ń gbin igi, mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Ní yunifásítì, wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ́ tí mi ò béèrè fún, èyí tó dá lórí ọgbà àti ilẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ wa kọ́kọ́ fi bí gbòǹgbò igi ṣe ń dì mọ́ ilẹ̀ hàn wá, gbogbo kíláàsì ń sùn, àárẹ̀ ọ̀sán mú wọn. Èmi nìkan ni mò ń ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní kí n lọ wo ilẹ̀ kan ní Mùṣín. Orúkọ tuntun tí àwọn tó ni ẹ́síteètì fún un ló wà lórí pláànù, nítorí náà mi ò fura. Wọ́n ti wó àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀, wọ́n ti fi páànù yí gbogbo rẹ̀ ká. Àwọn ilé tuntun ti ń dìde lápá kan. Apá kejì ṣì jẹ́ òkìtì búlọ́ọ̀kù àti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àwọn ilé tí wọ́n ti wó. Èèyàn lè rí i pé ibí ni yàrá wà, ibí ni ilé ìwẹ̀, ibí ni wọ́n ti ń dáná, nítorí sìmẹ́ńtì ibẹ̀ dúdú.

Mo ń wọn ẹ̀gbẹ́ gọ́tà lọ, mo gbójú sókè, mo sì rí àwọn kìnnìún.

Kìnnìún sìmẹ́ńtì ni wọ́n, méjì, lórí òpó géètì ilé àtijọ́ kan tó wà lódìkejì títì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń dijú kí n tó kọjá lábẹ́ wọn. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ọ̀kan ti jábọ́, ẹnìkan sì ti kun ọ̀dà búlúù sí èkejì lójú. Mo dúró. Mo yí padà díẹ̀díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé bí wọ́n bá wà níwájú mi báyìí, ilé wa gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn mi. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pupa kan wà níbẹ̀. Bàbá mi ló kun sìmẹ́ńtì yàrá wa ní pupa, òun nìkan ló sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ilé náà. Ó ti ṣá, ó ti sán, koríko ti ń yọ láàárín rẹ̀. Mo wà lójúlé wa.

Ọ̀gá tó ń kọ́ ẹ́síteètì náà wá bá mi níbẹ̀. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, kì í bú àwọn òṣìṣẹ́, bó bá sì ń sọ̀rọ̀, á máa nu ojú gíláàsì rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ wá wo ohun tí a fẹ́," ó ní.

Ó mú mi lọ síbi pátákó ńlá kan tí wọ́n gbé sẹ́nu géètì. Àwòrán bí ẹ́síteètì náà yóò ṣe rí nígbà tí wọ́n bá parí rẹ̀ ni: ilé funfun, títì tó mọ́ tónítóní, ọmọdé lórí kẹ̀kẹ́. Létí títì náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, panṣẹ́kẹ́ ni wọ́n tò síbẹ̀, gbogbo wọn pọ́n dòò.

"Igi yìí ni gbogbo ẹni tó fẹ́ ra ilé ń béèrè," ó ní. "Mo ti ní kí wọ́n kó díẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta igi, kí ẹ lè wò wọ́n. Ẹ ṣáà bá wa yan àwọn tó máa yára dàgbà."

Ó ṣí pláànù sórí òkìtì búlọ́ọ̀kù, ó ń fi ìka hàn mí. Wọ́n ti sàmì sí ibi tí igi kọ̀ọ̀kan yóò wà. Igi àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ rí, iwájú ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pupa yẹn ló bọ́ sí gẹ́lẹ́. Ibi tí igi tiwa dúró sí rí.

 Mo ní màá wò ó, màá padà wá.

Mo padà lọ léraléra lọ́sẹ̀ yẹn, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wo ilẹ̀. Mo sì wò ó lóòótọ́. Mo gbẹ́ ihò káàkiri láti mọ ibi tí omi ti ń dúró. Mo wo ibi tí wáyà iná gbà àti ibi tí páìpù omi gbà. Mo ro igi fúrúùtù tó gbajúmọ̀, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń ju òkúta sí, àmọ́ ewé rẹ̀ tóbi jù, ó máa ń dí gọ́tà. Mo ro mángòrò, mo ro àgbọn, mo rántí àwọn mọ́tò tí wọn yóò máa gbé sábẹ́ wọn, tí èso yóò máa já lù. Ọ̀pẹ òyìnbó rẹwà, àmọ́ ibòji wo ló ní? Èrò mi ń lọ déédéé títí tí màá fi dé iwájú ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pupa, níbẹ̀ ni yóò ti dúró. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ lára páànù tí wọ́n fi yí ilẹ̀ ká, tó sì han kẹ̀ẹ̀, màá gbójú sókè wo ibi tí kò sí igi mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun, mo rí ọkùnrin kan tó gbé nǹkan wúwo kan mọ́ àyà. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Ó ń rìn bí ẹni tí ẹrù ń fà síwájú, ó gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì búlọ́ọ̀kù kọjá, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo fi yí òkìtì náà po, bíríkìlà kan ni mo bá tó jókòó lórí kòròbà, tó ń mu omi. Kò sí ẹrù kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọjá níbí báyìí?"

"Rárá o, Àǹtí. Mo ti wà níbí tipẹ́."

Mo wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ kí n tó lọ. Kò sí àpá kankan níbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé oòrùn ló ń mú mi.

Mo sọ fún ìyá mi ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ẹ̀pà ló ń bó sínú àwo.

"Màámi, ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ilé wa ti Mùṣín ni. Wọ́n ti wó o."

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó bó ẹ̀pà títí, èèpo rẹ̀ ń já sórí ìró rẹ̀.

"Àwọn kìnnìún yẹn ńkọ́?" ó bi mí.

"Wọ́n ṣì wà, mà."

"Kí ni wọ́n ní kí o ṣe níbẹ̀?"

"Kí n yan igi sétí títì."

Ó gbójú sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pe igi ní igi níwájú rẹ̀. "Irú igi wo?"

"Panṣẹ́kẹ́ ni wọ́n fẹ́."

Ó gbé àwo ẹ̀pà sílẹ̀, ó gbọn ìró rẹ̀, ó lọ wá bàtà rẹ̀. "Mú mi lọ," ó ní.

"Lónìí? Kò sí òṣìṣẹ́ níbẹ̀ lónìí, mà."

"Ìyẹn gan-an ló dáa."

Ẹni tó ń ṣọ́ géètì mọ̀ mí, ó jẹ́ ká wọlé. Mo rò pé èmi ni màá fi ọ̀nà han ìyá mi, àmọ́ kò dúró dè mí. Ó rìn tààrà láàárín òkìtì ìyẹ̀pẹ̀ àti irin, bí ẹni tó ń lọ sílé. Nígbà tó dé ibi tí ilé wà rí, mo rí i pé kò gba ibi tí ògiri wà rí kọjá. Ẹnu ọ̀nà ló gbà wọlé. Ó tọ ọ̀nà gbọọrọ àárín ilé, ó yà sápá òsì, ó sì dúró lórí pupa náà. Kò sí ògiri kankan níbẹ̀ mọ́, oòrùn ń ta lé wa lórí, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará yàrá kejì gbọ́.

"Bẹ́ẹ̀dì wa nìyí," ó ní. "Ibí yìí lo máa ń sùn sí."

Lẹ́yìn náà ó jáde síwájú ilé, ó gba ẹnu ọ̀nà náà jáde.

"Bàbá onílé fẹ́ gé igi yẹn. Ṣé o mọ̀?"

"Rárá, mà."

"O ò lè mọ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí." Ó ń wo ilẹ̀. "Wọ́n gbẹ́ gọ́tà lọ́dún yẹn. Wọ́n gé gbòǹgbò rẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ títì, gbòǹgbò tó nípọn bí itan mi. Láti ìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síhà ọ̀dọ̀ wa. Bàbá onílé rí i, ó pe àwọn tó ń gé igi wá. Wọ́n ti kó àáké dé. Èmi ni mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo ní, 'Bàbá, bí ẹ bá gé e, níbo ni mo fẹ́ máa jókòó ránṣọ? Oòrùn á lé oníbàárà mi lọ.' Bàbá náà wò mí títí, ó ní ó dáa, kí wọ́n máa lọ."

Mo wo etí títì níbi tí gọ́tà gbà.

"Ọjọ́ tí òjò yẹn ṣú, mo kó aṣọ wọlé, mo mú ìwọ náà wọlé. Mo wá pariwo pé, 'Máṣíìnì mi o!' Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó ní, 'Fara balẹ̀, mò ń lọ gbé e.' Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó. Ó gbé e mọ́ àyà báyìí." Ìyá mi gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè, ó fi wọ́n gbá nǹkan tí kò sí níbẹ̀ mọ́ra. "Ó ń bọ̀. Ó ń wò mí bọ̀."

Òtútù mú mi nínú oòrùn yẹn. Mi ò sọ ohun tí mo rí lẹ́yìn òkìtì búlọ́ọ̀kù fún un, títí dòní ni mi ò tíì sọ ọ́. Dípò ìyẹn, iṣẹ́ mi ni mo sá sẹ́yìn rẹ̀.

"Màámi, ẹ gbọ́. Gbòǹgbò panṣẹ́kẹ́ kì í wọlẹ̀ lọ jìnnà, òkè ilẹ̀ ló máa ń nà sí. Ọjọ́ tí wọ́n ti gé e lápá kan ló ti kú, kó tó di ọjọ́ òjò yẹn. Gọ́tà ló wó o. Kì í ṣe ẹ̀yin."

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo jókòó níbí, mo ń ránṣọ, mo rí wọn tí wọ́n ń gé gbòǹgbò náà. Mo rí i tó ń tẹ̀. Mo sì tún bẹ̀bẹ̀." Ó fi ẹsẹ̀ gbá òkúta kan kúrò. "Àwọn èèyàn ní ayé ni. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Ó rọ̀ mí lọ́rùn kó jẹ́ ayé."

A dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ ojú irin fi kọjá, tó mi ilẹ̀ lábẹ́ wa. Òógùn bo ojú rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká lọ jókòó sí ọ́fíìsì ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ó kọ̀. Ó wo ojú ọ̀run níbi tí orí igi náà máa ń wà.

"Ó dára o," ó ní, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. "Ọlọ́run mọ̀ pé igi yẹn dára. Mi ò rí ibòji tó dà bíi tiẹ̀ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá tó ń kọ́lé. Mo sọ fún un pé panṣẹ́kẹ́ kò yẹ létí gọ́tà, pé gbòǹgbò rẹ̀ yóò gbé títì àti kọnkéré dìde, pé bí ẹ̀ka rẹ̀ bá tóbi, atẹ́gùn máa ń tètè fà á ya. Ó tẹ́tí, ó ń nu gíláàsì rẹ̀.

"Àǹtí, mo gbọ́. Àmọ́ a ti lẹ àwòrán yìí káàkiri. Ṣé a ò lè máa gé orí rẹ̀ wálẹ̀ ni?"

Mi ò pète láti sọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ó kàn jáde ni. "Ọ̀gá, igi yìí pa bàbá mi. Ibi tí a dúró sí yìí ni."

Ó wo ilẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò níbi tó wà, bí ẹni tó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀.  Ó kí mi kú ìrọ́jú, ó sì kí mi dáadáa, mo mọ̀ pé ó ti inú rẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ yan èyí tó bá wù yín. Mi ò fẹ́ rí igi yẹn mọ́ níbíkíbi lórí ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ yìí létí ẹni tó bá wá wo ilé."

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti yọ pátákó ẹnu géètì kúrò, wọ́n sì ti fọ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pupa náà, wọ́n kó o dà nù.

Nítorí náà, èmi ni mo yan gbogbo igi ibẹ̀. Sétí títì, mo fi igi fúrúùtù irú èyí tí ewé rẹ̀ rí wẹ́wẹ́ sí i, èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ máa ń tò léra bí ilé alájà. Kì í ga ju òpó iná lọ púpọ̀, ewé rẹ̀ kò sì lè dí gọ́tà. Sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí ilẹ̀ ti há, igi máskíréèdì, tó máa ń dúró ṣánṣán tí ewé rẹ̀ á wálẹ̀ bí aṣọ eégún. Lápá ojú irin, mo ní kí wọ́n fi ilẹ̀ tó fẹ̀ sílẹ̀, mo sì gbin igi síbẹ̀ nípele-nípele: àwọn kúkúrú síwájú, akòko láàárín, máskíréèdì lẹ́yìn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í pa ariwo ọkọ̀ ojú irin rẹ́, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá náà. Ó kàn máa ń bo ohun tó ń pariwo mọ́ èèyàn lójú, etí èèyàn á sì gbàgbé díẹ̀díẹ̀ láti máa wá a kiri. Àwọn igi tí a fi ti àwọn ọ̀dọ́ igi náà lẹ́yìn, Mákòkó ni a ti lọ rà wọ́n, lọ́dọ̀ àwọn tó ń la pákó.

Ibi tí wọ́n sàmì sí fún igi àkọ́kọ́, níwájú ilé wa àtijọ́, èmi fúnra mi ni mo gbẹ́ ihò rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò fún wọn. Mo gbẹ́ ẹ jìn, mo sì fẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ìsàlẹ̀, mo bá gbòǹgbò àtijọ́ kan, ó ti jẹrà, ó rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi, apá kan rẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ níbi tí àáké ti gé e. Mo fi ọwọ́ kàn án. Mi ò yọ ọ́. Mo da ilẹ̀ tuntun lé e, mo sì gbé igi kékeré náà lé e lórí.

Àwọn èèyàn ti ń gbé ẹ́síteètì náà báyìí. Mo máa ń lọ síbẹ̀ bí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rán mi. Lẹ́ẹ̀kan, mo bá ìyàwó ilé kan tó gbé àga sábẹ́ igi àkọ́kọ́ yẹn, ó ń fún ọmọ lọ́mú nínú ibòji tí kò tíì tó èèyàn kan. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ ní kó dìde. Mo dúró, mo ń wo oríkèé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Ẹ ń wá nǹkan ni, mà?" obìnrin náà bi mí.

"Rárá o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ," mo ní, mo sì bá tèmi lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ panṣẹ́kẹ́ tí ọ̀gá náà ti ní kí wọ́n kó wá, wọ́n fẹ́ da gbogbo wọn nù pẹ̀lú pàǹtí. Mo mú ọ̀kan nínú ọ̀rá dúdú rẹ̀, mo gbé e sórí itan nínú takisí, mo gbé e dé Sùúrùlérè. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kí ìyá mi sọ. Ó wò ó, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí ìkángun fàráńdà, ó sì lọ pọn omi.

Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà. Ó ti ga tó èjìká rẹ̀. Mo sọ fún un pé kì í ṣe igi fàráńdà, pé ilẹ̀ gbalasa ló ń fẹ́, níbi tí kò sí ilé, tí kò sí gọ́tà, tí ẹnikẹ́ni ò ní fi àáké kan gbòǹgbò rẹ̀. Mo ní ká gbé e lọ sí Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́. Ó ní àwọn ẹbí bàbá mi kò ní gbà, bí wọ́n bá sì gbà, òun kò tíì ṣe tán.

Nígbà tí mo lọ kí i lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo fẹ́ sún ọ̀rá náà kúrò lójú oòrùn, kò sún. Gbòǹgbò rẹ̀ ti lu ìsàlẹ̀ ọ̀rá já, ó ti wọ inú ibi tí sìmẹ́ńtì fàráńdà ti sán, ó sì ti di ibẹ̀ mú.

"Màámi, á fọ́ ilẹ̀ yín o. Ẹ jẹ́ kí n fà á yọ báyìí tó ṣì kéré."

Ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó fi ọwọ́ gbá ewé tó já kúrò nílẹ̀.

"Fi í sílẹ̀ ná," ó ní.